Ta Ni Aládùúgbò Rẹ? Ẹni Tí Gọ́tà Rẹ Ń Ṣàn Lọ Bá Ni

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè dun àwọn kan. Èmi gan-an ló kọ́kọ́ dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kẹ́ ẹ tó bínú sí mi.

Sátidé tó kọjá, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa kó gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Máfolúkù. A gbé ṣọ́bìrì, a wọ bàtà òjò. Kí la bá níbẹ̀? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tá a mu níbi ìṣọ́ òru, kò lóǹkà. Ike funfun tá a fi pín oúnjẹ níbi ìdúpẹ́, èyí tí ìjọba Èkó ti fòfin dè láti January 2024. Àpòòwé ọrẹ, orúkọ ìjọ wa wà lára ẹ̀ gàdàgbà. Ọmọkùnrin kan wá fa ìwé ìpolówó ìsọjí wa jáde látinú ẹrẹ̀. Fọ́tò mi ló wà níbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi tí mo dúró létí gọ́tà ò rẹ́rìn-ín o.

Torí ìyá àgbà kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò, ilé kẹta sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tójò bá ti rọ̀, omi á wọlé bá wọn, á ba ẹrù wọn jẹ́. Wọ́n máa ń wá bá mi pé kí n bá àwọn gbàdúrà sí i. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe: mo gbààwẹ̀. Mo de ẹ̀mí omi. Mo lé màmíwọ́tà kúrò ní Máfolúkù! Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ìjọ mi ló dí ojú omi. Èmi ni mò ń dí gọ́tà lọ́jọ́ Sunday, èmi náà ni mò ń lé ẹ̀mí omi lọ́jọ́ Wednesday.

Àwọn àgbà ní tá a bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù la máa tẹ̀. Àwa yí i padà: a da omi síwájú, ẹlòmíì ló ń tẹ ẹrẹ̀ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ní Òṣòdì wa yìí, ìsìn pọ̀, gọ́tà ò mọ́. Ẹ wò ó tójò bá ṣú. Onígbàgbọ́ á sáré gbé àpò ìdọ̀tí jáde, á dà á sójú àgbàrá, á padà wọlé, á ní, "Jésù, o ṣeun, ilé ti mọ́." Ilé ta ló mọ́? Ìdọ̀tí yẹn ò kú o, ó kàn kó lọ sílé ẹlòmíì ni.

Bá a sì ṣe ń ṣe ẹ̀ṣẹ̀ wa náà nìyẹn. Ọkọ á lu ìyàwó ẹ̀, á ní iṣẹ́ èṣù ni. Ẹni tó jẹ owó àjọ á ní àwọn ará ilé bàbá òun ló wà nídìí ẹ̀. A kì í kó o, ṣe la máa ń tì í sójú àgbàrá kó lè dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíì, ká wá wọlé ká máa jó. Ẹ̀yin ará, ìrònúpìwàdà kọ́ nìyẹn.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Diutarónómì 23, ẹsẹ 12 sí 14. Ogun ni Ísírẹ́lì ń lọ o. Síbẹ̀ Ọlọ́run ní kí kálukú ní ohun tó máa fi gbẹ́lẹ̀ láàárín ohun ìjà ẹ̀. Tó bá yàgbẹ́ lẹ́yìn ibùdó, kó bò ó mọ́lẹ̀, torí pé Olúwa ń rìn láàárín ibùdó. Ẹ wò ó dáadáa: idà lọ́wọ́ kan, ṣọ́bìrì lọ́wọ́ kejì. Àwa mú idà dání, a ju ṣọ́bìrì nù. Ọlọ́run ò sì ní kí wọ́n lọ pe Mósè wá bá wọn bò ó. Kálukú ló ń bo tiẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, ìtumọ̀ ẹ̀mí ni kẹ́ ẹ fún wa." Ìgbẹ́ ni Bíbélì ń sọ níbẹ̀, ìgbẹ́ gan-an. Ẹ̀kọ́ ẹ̀mí wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá tẹ̀ba gbẹ́lẹ̀ ló ń rí i kọ́. Ìwàásù "gbá ọkàn rẹ mọ́" ti pọ̀ jù lẹ́nu ẹni tí kò gbá ojúlé ẹ̀ rí. Ẹ má sì fi Máàkù 7 dá mi lóhùn. Àwọn tó ń fọ ọwọ́ tí wọ́n fi ọkàn sílẹ̀ ni Jésù bá wí níbẹ̀. Kò ní ká wá da ìdọ̀tí sílé ẹlòmíì.

Àwọn tó ti dàgbà á rántí WAI tí Buhari àti Idiagbon gbé dé ní 1984, àti sanitéṣọ̀n tó tẹ̀ lé e. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rìn ní Èkó. Wọ́n á mú ẹ. Ní November 2016, ìjọba Èkó fagi lé e, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti ní wọn ò láṣẹ láti sé ènìyàn mọ́lé. Mi ò bá ilé ẹjọ́ jà, ìdájọ́ yẹn tọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni àṣírí wa ti tú. Ẹni tó ń gbálẹ̀ torí ẹ̀rù agbófinró ti ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Éfésù 6:6 bá irú iṣẹ́ àṣehàn bẹ́ẹ̀ wí. Tí kò bá sí agbófinró, tí kò sí pásítọ̀ tó ń wò ẹ́, irú Kristẹni wo ni ẹ́? Má dá mi lóhùn. Gọ́tà iwájú ilé ẹ ti dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fi ṣeré. January 27, 2002, ọjọ́ Sunday, nírọ̀lẹ́, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní bárékè Ìkẹjà. Àwọn ènìyàn sá gba ọ̀nà Ìsọlọ̀, ilẹ̀ sì ti ṣú. Ọ̀pọ̀ sá wọ inú kánálù Òkè-Afá, torí ewéko ti bo ojú omi, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló kú síbẹ̀, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó kú ò jẹ̀bi nǹkan kan. Àmọ́ àwa tá a máa ń gbàdúrà pé ká lékè bí ojúoró, ẹ rántí pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ohun tó lékè omi ló tan ènìyàn jẹ. Ohun tá ò bá kó nígbà àlàáfíà, òun ló ń gbé ènìyàn mì lọ́jọ́ ìdààmú. Ilé wo nínú yín ni òkè ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí abẹ́ ẹ̀ jẹ́ omi?

Ẹ ní ọkọ̀ ìkólẹ̀ kì í wá lásìkò? Òótọ́ ni. Ìjọba ní ẹ̀bi tiẹ̀, ká sì máa sọ fún wọn. Àmọ́ ìjọba kọ́ ló da àpòòwé ọrẹ sí gọ́tà.

Lẹ́yìn tá a kó gọ́tà tán, mo lọ bá màmá nílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tá a rí fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Pásítọ̀ mi, mo ti rí àpòòwé ọrẹ yín nínú yàrá mi lọ́dún tó kọjá. Ojú ló ń tì mí láti sọ fún yín."

Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, ìjọ mi, láti oṣù yìí lọ, Sátidé tó kẹ́yìn, aago méje àárọ̀, ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ mú ṣọ́bìrì àti ìgbálẹ̀ wá. Ẹnikẹ́ni ò ní mú yín tẹ́ ò bá wá. Ohun tá a bá kó, a máa kó o sínú àpò, a ò ní tì í síwájú ilé ẹnikẹ́ni.

Kí Olúwa tó ń rìn láàárín ibùdó má kọjá wa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ "Àmín" sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ jáde lọ wo gọ́tà iwájú ilé yín.