Ẹ Má Dà Á Nù, Aládùúgbò Yín Ń Wá A

Ẹ̀yin ará Òwu, ẹ̀yin Ẹ̀gbá lápapọ̀, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀. Kò le, kò sì gba owó ńlá. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lónìí.

Ẹ yọjú sẹ́yìn ibùdó gàrí tó sún mọ́ yín jù. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sójú àgbàrá, eṣinṣin bò ó. Tó bá pọ̀ jù, wọn a dáná sun ún, èéfín a gba gbogbo àdúgbò.

Lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó ń sin adìẹ tàbí ewúrẹ́ ní òpópónà kejì ń kígbe pé oúnjẹ ẹran ti wọ́n jù. Àwọn méjèèjì ń kí ara wọn láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé, "Kí lẹ ń dà nù? Kí lẹ ń wá rà?"

Ìbéèrè méjì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ máa bi ara yín láti òní lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró nídìí èèpo ẹ̀gẹ́ ná, torí tiwa ni. Ta ló ń ṣe láfún tó Ẹ̀gbá? Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ bó 100 kìlò ẹ̀gẹ́, ó kéré tán, nǹkan bíi 20 kìlò ni yóò di èèpo. Bí ẹ bá kàn sá a bẹ́ẹ̀, á tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó gbẹ. Bí òjò bá ká a mọ́ta, ó bu nìyẹn. Èèpo tútù sì ní májèlé nínú. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń dà á nù.

Àwọn onímọ̀ ILRI, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó wà nínú ọgbà IITA n'Íbàdàn, ti wá ojútùú sí i. Ẹ kó èèpo tuntun, kó má sùn mọ́jú. Ẹ ṣa òkúta àti igi inú rẹ̀ kúrò. Ẹ lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ẹ rọ ọ́ sínú àpò, ẹ fi jákì fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń fún gàrí. Ẹ tú u, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ sá a sórí tapólì. Bí oòrùn bá mú dáadáa, wákàtí bíi mẹ́fà ti tó. Ẹ sì lè yan án nínú agbada. Èyí tó kúnná, ti adìẹ ni. Èyí tó rí ṣákaṣàka, ti ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ni. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ ẹran. Ẹ má fún adìẹ ní òun nìkan o, ẹ pò ó mọ́ sóyà àti ohun tó kù.

Ṣé ẹ rí ẹ̀rọ tuntun kankan níbẹ̀? Ẹ̀rọ ìlọ̀, jákì, agbada: gbogbo rẹ̀ ti wà ní ibùdó yín. Fún bí a ṣe ń pò ó, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà nítòsí, lójú ọ̀nà Alábàtà. Ẹ lọ bi wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣà òyìnbó ni mo gbé dé. Eérú ìdí ààrò, tí olóúnjẹ ò nílò mọ́, ni àwọn ìyá wa aláró ń kó sínú ìkòkò tó nídìí lílu. Wọ́n a da omi sí i. Omi tó bá kán sílẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ èlú. Láfún tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ya ọnà àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Èésan, èèpo líle ara ekùrọ́, àwọn alágbẹ̀dẹ ló ń fi fínná. Iṣẹ́ kan ń bọ́ òmíràn. Àwa la jẹ́ kí okùn náà já.

Kò tiẹ̀ já tán. Ní Ewékorò, níbi tí iléeṣẹ́ símẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, wọ́n ń jó èésan mọ́ àwọn ohun ìdáná mìíràn nínú ààrò ńlá wọn. Eérú rẹ̀ gan-an, inú símẹ́ńtì ló ń bá lọ.

Irú rẹ̀ wà lókè òkun pẹ̀lú. Ní Kalundborg, ìlú kékeré kan ní Dẹ́ńmáàkì, iléeṣẹ́ ìfọpo kan ń jó gáàsì dànù. Ní 1972, iléeṣẹ́ tó ń ṣe pátákó ara ògiri gbà láti máa fi gáàsì yẹn dáná. Nígbà tó yá, ilé iná mànàmáná ń ta ooru rẹ̀ fún àwọn tó yí i ká. Ìjọba kọ́ ló pàṣẹ fún wọn. Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ mọ ara wọn, wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ owó. Bí wọ́n ṣe ń dín ìnáwó kù ni afẹ́fẹ́ ìlú ń mọ́ sí i. Ṣé àwa ò mọ ara wa ní Totoro ni, tàbí l'Ókè-Àgó Òwu?

Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ yé sun èyí tí ẹ̀rọ bá fá kúrò lára pákó. Ẹ dì í sápò. Olóko adìẹ ń wá a láti tẹ́ ilé adìẹ. Ṣùgbọ́n ti pákó tí ẹ ti fi oògùn ikán pa, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Bí adìẹ bá ti yàgbẹ́ sí i, ó kan ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ẹ kó o jọ, kó jẹrà dáadáa kó tó dé orí ebè. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó ẹ̀fọ́.

Ẹ̀yin olóúnjẹ ní Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá, àpò méjì ni mo bẹ̀ yín sí. Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ọ̀kan, ọ̀rá àti ike sínú èkejì. Ọ̀rá tí ewúrẹ́ bá gbé mì lè pa á, olówó rẹ̀ ò sì ní padà wá gba èèpo lọ́wọ́ yín mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìdọ̀tí ló ní ẹni tó ń wá a. Ẹ̀yin aládìrẹ ní Ìtòkú, omi aró ìsinsìnyí, tí kọ́sítíìkì sódà wà nínú rẹ̀, kò yẹ oko, kò yẹ odò. Ẹ po ìwọ̀n tó tó aṣọ tí ẹ ní. Ẹ kó aṣọ aláwọ̀ kan náà jọ, kí ẹ rẹ ẹ́ pọ̀, kí èyí tí ẹ máa dà nù lè kéré.

Ohun kan ń bí mi nínú. Bí àwọn kan bá ti gbọ́ pé èèyàn ń fẹ́ pàǹtí wọn, wọn a gbówó lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kíní, kó fi dán an wò. Bó bá dára fún un, á padà wá, ẹ óò sì dúnàádúrà.

Ẹ̀yin Baálẹ̀, Ìyálọ́jà, alága ẹgbẹ́ onílé, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ nínú ìpàdé tó ń bọ̀. Kí kálukú sọ ohun tó ń dà nù àti ohun tó ń rà ní ọ̀wọ́n. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àdúgbò.

Ẹ̀yin tí ẹ bó ẹ̀gẹ́ láàárọ̀ yìí, ẹ má dúró de ìpàdé. Èèpo yẹn á ti máa bàjẹ́ tó bá dọ̀la. Ẹ gbé fóònù, ẹ pe olóko adìẹ tàbí elewúrẹ́ kan nísinsìnyí.