Ẹni Tí Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kì Í Di Odidi Nínú Rẹ̀

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Kò sí ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí kò gbọ́ òwe yìí dàgbà. Ìyá yóò ṣẹ́jú sí ọmọ níwájú àlejò, ọmọ yóò sì mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Bàbá yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ariwo inú ilé yóò rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Láyé àwọn baba ńlá wa, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fi owó ẹyọ mẹ́fà pa àrokò ránṣẹ́ sí ọmọge, ọmọge yóò mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ fà sí òun, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la ẹnu. Nítorí náà ni a fi gbà láàárín ara wa pé ẹni tí a bá fojú bá sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, a kò kọ́ ọ nílé ni.

Ìbéèrè mi lọ́sẹ̀ yìí rèé o, ẹ̀yin ènìyàn mi: bí àbọ̀ ọ̀rọ̀ bá dé inú ẹnì kan, tó jókòó síbẹ̀ ní àbọ̀, tó kọ̀ tí kò di odidi, ṣé ìwà onítọ̀hún ni kò dára ni, àbí ohun mìíràn ló ń ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Amẹ́ríkà fún ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ Chris Rock, aláwàdà adúláwọ̀ tí Will Smith gbá létí lójú gbogbo ayé níbi ayẹyẹ Oscar, ní oṣù kẹta ọdún 2022. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ rárá, ọkùnrin yìí sọ fún ìwé ìròyìn The Hollywood Reporter pé ọ̀rẹ́ òun kan fura sí ìṣe òun, ìyẹn ló sì gbé òun dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ọpọlọ. Wákàtí mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dán an wò. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní ohun tó ń bá a fínra ni èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Nonverbal Learning Disorder, tí wọ́n gé kúrú sí NVLD. Ẹni ọdún 55 ni nígbà náà. Ó ti lówó, ó ti lókìkí, ó ti gbéyàwó rí, ìgbéyàwó náà sì ti tú ká. Ó ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá fẹnu sọ gan-an ni òun máa ń dì mú, pé èyí wúlò fún òun nídìí àwàdà kíkọ, ṣùgbọ́n pé nígbà tí òun bá jókòó ti ẹnì kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni wàhálà máa ń wà.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó ń fi ẹnu rẹ̀ jẹun, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ń tọ́rọ̀ kí ó sọ̀rọ̀, ta ni yóò rò pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó fún un nídìí ọ̀rọ̀ gbígbọ́?

Orúkọ àìlera yìí gan-an máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹni tó ní in kì í ṣe odi. Ọ̀rọ̀ ni agbára rẹ̀. Ó lè tètè mọ̀wé kà, kí ó mọ ọ̀rọ̀ ńláńlá lò, kí ó sì rántí ohun tí wọ́n sọ sí i létí lọ́jọ́ pípẹ́. Ohun tí a kò fi ọ̀rọ̀ sọ ni ìṣòro rẹ̀: àwòrán ilẹ̀, bí nǹkan ṣe jìnnà tàbí sún mọ́ra, okùn bàtà tí a óò so, iye tí a óò tò sábẹ́ ara wọn nínú ìṣirò, ojú tó fà ro, àti ohùn tó yí padà. Ọdún 1967 ni Doris Johnson àti Helmer Myklebust ti ṣàpèjúwe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé wọn ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1989, Byron Rourke, onímọ̀ ará Kánádà, kọ odidi ìwé lé e lórí. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2020 fojú bù ú pé nínú 100 ọmọ ní Àríwá Amẹ́ríkà, bíi 3 sí 4 ló ṣeé ṣe kí ó ní in. Síbẹ̀, ìwé ńlá tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà to orúkọ àìlera sí, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2013 tí wọ́n sì tún tún yẹ̀ wò ní 2022, kò dárúkọ rẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, ó ṣòro kí dókítà tó wá a kiri.

Ìdí mìíràn tí ó fi ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ni pé ẹnu dídùn ń bò ó mọ́lẹ̀. Tíṣà tó bá gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń kàwé geere yóò ní olórí pípé ni. Bó bá wá dé kíláàsì tí wọ́n ti ń ya igun àti òbìrìkítí, tí gbogbo rẹ̀ dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́, tíṣà kan náà yóò ní ọ̀lẹ ni, pàṣán yóò sì sọ̀rọ̀. Ọmọ náà yóò dàgbà, yóò sì gbà gbọ́ pé ọ̀lẹ ni òun lóòótọ́. Níbi iṣẹ́, ọ̀gá yóò máa wo aago, òun yóò máa bá àlàyé lọ. Nílé, ìyàwó yóò dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ kò ní mọ̀ pé ìbínú ni. Yóò ṣìnà ní àdúgbò tó ti ń gbé láti ọdún 10. Àwọn ẹbí yóò ní agọ̀ ni. Àwọn mìíràn yóò ní ayé ló ń ṣe é, wọn yóò sì máa gbé e láti orí òkè àdúrà kan dé òmíràn.

Kò sí oògùn tó ń wo NVLD sàn. Kí wá ni àǹfààní kí àgbàlagbà mọ orúkọ rẹ̀? Nígbà àyẹ̀wò, wọn yóò ní kí ó to àwọn igi kéékèèké bí àwòrán kan, kí ó ya àwòrán mìíràn bó ṣe rí i, wọn yóò sì fi wé bó ṣe ṣe nínú ọ̀rọ̀. Àlàfo tó bá wà láàárín méjèèjì ni yóò fi hàn án pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe èpè. Láti ìgbà náà ni yóò ti lè máa fi agbára ẹnu gbé àìlera ojú. Yóò kọ ọ̀nà sílẹ̀ lọ́rọ̀: bí o bá dé ilé epo, yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Yóò lọ wo ibi tuntun kí ọjọ́ tó pé. Yóò sì lè bi aya rẹ̀ léèrè ní gbangba pé, "Ṣé inú ń bí ọ ni?"

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àwáwí lèyí. Rárá o. Ẹni tí a tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dùn ún, bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò tilẹ̀ rí i. Ẹni tó ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí kò gbọ́ ìṣẹ́jú ló ní àìlera. Ọ̀yájú wà, alágídí náà wà. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n sì wà ní irú ilé ìwòsàn bí UCH n'Íbàdàn àti Arò l'Abẹ́òkúta. Ó kàn jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ Arò, wèrè nìkan ló ń sọ sí wa lọ́kàn ni.

Òwe àwọn àgbà kò tí ì di irọ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ ọ́ di òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí a óò fi wọn ọmọ ènìyàn. Bí ẹnì kan bá wà nílé yín tí kì í gbọ́ àbọ̀, kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ burúkú, ẹ kọ́kọ́ sọ odidi fún un ná. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta péré ló máa ná yín.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.