Kò yẹ kí nọ́ọ̀sì tuntun dá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni kéékèèké tó wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, dókítà yóò ti gba ilé lọ, mátírọ́ọ̀nù náà yóò ti lọ sinmi. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni yóò kù pẹ̀lú àwọn ọ́gísílíárì, ìyẹn àwọn tí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, tí wọn kò ní ìwé àṣẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ọ̀sì yìí kò tíì lo oṣù méjì níbẹ̀. Nítorí pé òun ló ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, ọjọ́ tó wọṣẹ́ gan-an ló ti di ọ̀gá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí tí gìrì bá mú ọmọ kékeré, ojú rẹ̀ ni gbogbo èèyàn yóò máa wò.

Òwò ni ilé ìwòsàn aládàáni, bí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì ṣe jẹ́ òwò, orúkọ rere ló sì fi ń jẹun. Bí aláìsàn kan bá kú sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tí ẹ̀rù ti bò mọ́lẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè orúkọ nọ́ọ̀sì náà. Orúkọ tó wà lára pátákó ìta ni wọn yóò máa pè.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ yìí kò kàwé. Ọdún márùn-ún làwọn tó gba ti yunifásítì ń lò, wọ́n sì tún ń fi ọdún kan ṣe íńtánṣíìpù. Àwọn tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà ṣe ìdánwò ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ wà lẹ́yìn wọn. Ohun tó kù tí wọn kò tíì mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ dá lóhùn nínú aláìsàn mẹ́fà, bí wọ́n ṣe ń pe dókítà láago méjì òru kí wọ́n sì fi gbólóhùn mẹ́ta ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fọkàn àwọn ẹbí tó ń pariwo balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1974, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Marlene Kramer, kọ ìwé lórí ìpayà tó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì tuntun lẹ́nu iṣẹ́ àti bó ṣe ń lé wọn kúrò nídìí ẹ̀. Lọ́dún 1984, Patricia Benner, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà mìíràn, ṣàlàyé pé ìpele márùn-ún ni nọ́ọ̀sì ń gùn kó tó di ògbóǹtarìgì, ìrírí ló sì ń gbé e gùn ún.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ti mọ èyí tipẹ́. Télọ̀ tó mọṣẹ́ kò ní gbé aṣọ ìyàwó lé ọmọ tó gba fìrídọ́ọ̀mù lánàá lọ́wọ́, kó sì lọ sùn. Mẹkáníìkì kò ní jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dá tú ẹ́ńjìnnì oníbàárà. Ẹ̀mí èèyàn sì ju aṣọ àti ọkọ̀ lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníléèwòsàn ń sọ ni pé, “Bí a bá kọ́ wọn tán, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń lọ.” Òótọ́ ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà kéde lóṣù kejì ọdún 2024 pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè, àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ìwọ́de l’Ábújá àti l’Ékòó. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò pé. Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ sá lọ, ilé ìwòsàn tó wà ní òpópónà kejì ni. Bí nọ́ọ̀sì bá ń lo oṣù mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́rin ni ilé ìwòsàn yóò gbà lọ́dún kan fún àyè ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni yóò wá èèyàn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni yóò rán aṣọ iṣẹ́, títí ọdún yóò sì fi parí, ẹni tuntun ni yóò máa tọ́jú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ rere mú, kódà bó bá lọ lẹ́yìn ọdún méjì, ọdún méjì gidi ló ti fi ṣiṣẹ́.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò la owó rẹpẹtẹ lọ. Lóṣù àkọ́kọ́, iṣẹ́ àárọ̀ nìkan ni kí nọ́ọ̀sì tuntun máa ṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà kan, kí wọ́n má sì kà á mọ́ iye òṣìṣẹ́ ọjọ́ náà. Kí wọ́n fi owó díẹ̀ kún owó oṣù àgbà yẹn, nítorí ẹrù ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ wúwo lórí ẹni tó rù ú. Kí wọ́n kọ àwọn iṣẹ́ tó léwu sínú ìwé: fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára, fífúnni ní ọ́síjìn, ìṣirò oògùn ọmọdé, gbígba ẹ̀bí. Ìgbà tí àgbà bá fojú ara rẹ̀ rí i pé ó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó buwọ́ lù ú. Títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé, kó má dá wà lóru. Bó bá sì tẹ dókítà láago, kí dókítà gbé e láìbú u.

Ilé ìwòsàn tí kò ní àgbà nọ́ọ̀sì kankan lè wá mátírọ́ọ̀nù tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò kó máa wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nílé tí wọ́n jókòó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Owó oṣù kan tí nọ́ọ̀sì fi ń wo ọwọ́ àgbà kò ṣòfò, àfi bí owó epo tí wọ́n ń dà sí jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn náà bá jẹ́ òfò. Ìyá tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná wá lóru kò lè mọ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì jáde. Ó gbà pé ẹni tó ni ilé ìwòsàn ti mọ̀ ọ́n. Òun ló yẹ kó mọ̀ ọ́n lóòótọ́.