Irúgbìn Tí Ń Retí Ìmọ́lẹ̀

A ti ń kọ́ àwọn ọmọdé tipẹ́ pé omi, afẹ́fẹ́ àti ìwọ̀nba ooru ni irúgbìn ń fẹ́ kí ó tó hù, a sì ń fi ẹ̀wà inú ife ṣe àpẹẹrẹ. Òtítọ́ ni fún ẹ̀wà, tí í hù nínú òkùnkùn biribiri; ṣùgbọ́n a kò gbà pé ẹ̀kọ́ náà tó.

Ẹni tí ó bá gba Kétu lọ sí ọjà Máìlì 12 ní Kòsọ́fẹ́ yóò bá lẹ́túùsì pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kéré púpọ̀, oúnjẹ inú rẹ̀ kò sì lè gbé e jìnnà. Nítorí náà irú rẹ̀ púpọ̀ kì í fẹ́ hù láìrí ìmọ́lẹ̀. Ní 1952, Borthwick, Hendricks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà tan ìmọ́lẹ̀ pupa sí i, ó hù. Wọ́n fi pupa mìíràn tí ojú ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí tẹ̀lé e; kò hù mọ́. Bí ó ti wù kí wọ́n pààrọ̀ wọn tó, èyí tí ó kẹ́yìn ni irúgbìn ń gbọ́ tirẹ̀.

Ohun kan wà nínú irúgbìn tí a ń pè ní phytochrome. Bí ìmọ́lẹ̀ pupa bá kàn án, a yí padà, a sì wọ inú kókó sẹ́ẹ̀lì lọ, níbi tí àwọn jíìnì wà, èyíinì ni ìlànà tí irúgbìn jogún. Àwọn adènà kan ń bẹ níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí jíìnì ìhù ṣiṣẹ́. Òun ni í mú kí a pa wọ́n run. Nígbà náà ni jíìnì tí ń pèsè gibberellin, oje ìdàgbà, yóò jí, tí èhù yóò sì là. Àgbẹ̀ tí ń kùn pé oko tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ro tún ti kún fún èpò kò purọ́: ọkọ́ ni ó gbé irúgbìn tí ó sùn sójú ìmọ́lẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tí ó bo lẹ́túùsì mọ́lẹ̀ bí àgbàdo, tí kò sì hù, ẹni tí ó tà á fún un ni yóò pè ní olè. Nítorí náà a fẹ́ kí olùkọ́ tí yóò lọ sí Ìkòsí gbé àwo méjì kalẹ̀ níbi tútù (ooru púpọ̀ a máa dí lẹ́túùsì lọ́wọ́), ọ̀kan nínú àpótí dúdú, ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ fúnra wọn sì ka iye tí ó hù. Kí ó má ṣe sọ ohun tí wọn yóò rí fún wọn ṣáájú, nítorí irú lẹ́túùsì mìíràn wà tí í hù nínú òkùnkùn.