Ìwé Orúkọ Aláriwo

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà èwe mi.

Mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ wa bá ń jáde, a pàṣẹ fún mọ́nítọ̀ pé kí ó kọ orúkọ àwọn aláriwo sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo rọra sọ fún ẹni tí a jọ jókòó pé, ‘Jọ̀ọ́, yá mi ní bírò rẹ.’ N kò gbóhùn sókè rárá. Nígbà tí olùkọ́ dé, orúkọ mi ló ṣáájú. Mo ní n kò pariwo. Mọ́nítọ̀ ní, ‘Yorùbá ló sọ, sà.’ Ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé, kí tilẹ̀ ni ariwo? Yorùbá kì í kó gbogbo ohun tí etí ń gbọ́ pọ̀ sójú kan. Ìlù ní ìró, ìbọn ní ìró, ènìyàn ní ohùn. Ẹni tí olè ká mọ́lé a ké gbàjarè. Èrò a hó yèè. Igi ńlá a wó lulẹ̀ gbì. Ariwo ní ipò tirẹ̀. A ń pa á, a sì so ó mọ́ ‘pa’ títí ó fi di ‘pariwo’. Nígbà mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ni í sọ: ‘ariwo sọ’, bí ẹni pé kò sí ẹni tó dá a sílẹ̀. Ariwo ọjà ni ti ẹnu púpọ̀ tí a kò lè yà sọ́tọ̀.

Kì í sì í ṣe èébú nígbà gbogbo. Ilé tí ariwo ọmọ bá wà, ilé ayọ̀ ni. Bí ìyá mi bá sọ àṣírí kan fún mi, a ní, ‘Má pariwo mi o.’ Kì í ṣe ohùn òkè ló ń bà á lẹ́rù. Kò fẹ́ kí ayé gbọ́ ni. Bí a bá sì ní ariwo ẹnìkan ni wọ́n ń pa káàkiri ìlú, òkìkí rẹ̀ ni à ń wí.

Lójú tèmi, ohun tó ń wọ etí láìwọ inú ni ariwo tí a ń bá ọmọ wí sí. Mọ́nítọ̀ wa gbọ́ ohun tí mo wí yékéyéké. Báwo ló ṣe wá di ariwo?

Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò gọ̀; wọ́n ṣe dáadáa. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Mélòó nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ló pariwo?

Àwa náà jẹ̀bi. Lọ́jọ́ ọdún ẹgbẹ́ wa, ìlù a dún, a ó wọ aṣọ òfì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ìwé síra wa. Ariwo lásán nìyẹn. Àgbá òfìfo ló ń dún jù.

Ẹnìkan lè sọ pé kíláàsì gbọ́dọ̀ pa rọ́rọ́. Mo gbà. Ẹni tó bá pariwo, kí a bá a wí, ìbáà fi Gẹ̀ẹ́sì pa á, ìbáà fi Yorùbá pa á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ó di olùkọ́ lọ́la, bí mọ́nítọ̀ bá gbé ìwé orúkọ aláriwo wá, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, kí ni ọmọ yìí wí? Bó bá jẹ́ bírò ló tọrọ, ẹ yá a ní bírò.

Èdè Yorùbá kò ní parun lójú wa o. Àṣẹ.