Ohun Tí A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Nídìí ìjà tọkọtaya la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, tàbí nígbà tí bàbá bá ń gba ọmọ rẹ̀ níyànjú pé kó má fi ìbínú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àárín èèyàn sí èèyàn la máa ń fi í parí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí a máa ń fagbára mú jù, tí kò sì sí àgbà tó máa bá wa dá sí i: ara wa ni. Ibi tí èyí ti hàn jù lójú tèmi ni ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àṣàrò, ìyẹn ká jókòó jẹ́ẹ́, ká máa ṣọ́ èémí wa bó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde.

Iṣẹ́ náà kò ju báyìí lọ. Èèyàn á jókòó sórí ẹní tàbí àga, á na ẹ̀yìn rẹ̀, á dẹ èjìká sílẹ̀, á gbé ọwọ́ lé itan. Kò ní mí kíkankíkan, kò sì ní sé èémí. Èémí tó ti ń mí láti àárọ̀ náà ni kó máa mí lọ. Bó bá mí síta, á ka ení lọ́kàn. Bó bá tún mí síta, á ka èjì, títí dé ẹ̀wá, á sì padà sí ení. Báyìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ Zen, ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà kan ní Japan, ṣe ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Àwọn tó ń tẹ̀ lé ìlànà Mahasi Sayadaw, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà ọmọ Burma, ikùn tó ń wú tó sì ń fà ni wọ́n máa ń ṣọ́. Ti S. N. Goenka, olùkọ́ àṣàrò mìíràn, ihò imú ni. Ibi yòówù ká gbájú mọ́, ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lónìí kì í tíì ka ẹ̀rin tí ọkàn rẹ̀ á fi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, sórí owó ilé tó fẹ́ pé, sórí ọ̀rọ̀ burúkú tí ẹnì kan sọ sí i láyé àtijọ́.

Ibí yìí ni agbára ti máa ń wọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé òun ti ba iṣẹ́ jẹ́. Á di ojú pinpin, á fún eyín pọ̀, á pàṣẹ fún ọkàn rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ ro nǹkan kan mọ́. Bí ọkàn bá gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ń ta kú. Èrò kan á di mẹ́rin, ìbínú sí èrò á wá ṣe ìkarùn-ún wọn. Kò ní pẹ́ tí ẹni náà á fi dìde, tí á máa sọ pé àṣàrò kò wà fún irú òun, pé ọkàn òun kì í dúró. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó gba áàpù àṣàrò sórí fóònù, ó sì máa ń dùn mí, nítorí ohun tí wọ́n ń pè ní àléébù yẹn kì í ṣe àléébù rárá.

Lọ́dún 2010, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert ti Yunifásítì Harvard tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ń fi fóònù bi àwọn àgbàlagbà 2,250, nígbà tí oníkálukú wà lẹ́nu ohun tó ń ṣe, pé kí ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, ibo sì ni ọkàn wọn wà. Nínú nǹkan bí ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn wọn, ibòmíràn ni ọkàn wà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Timothy Wilson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virginia fi àwọn èèyàn sínú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 15, láìsí fóònù, láìsí ìwé, àfi bọ́tìnnì kan tó ń fi iná gbé èèyàn. Àwọn yìí ti kọ́kọ́ sọ pé àwọn á sanwó kí irú iná bẹ́ẹ̀ má baà gbé àwọn mọ́. Síbẹ̀, ọkùnrin 12 nínú 18 àti obìnrin 6 nínú 24 fọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe nira tó fún ọmọ èèyàn láti bá ara rẹ̀ jókòó nìyẹn. Ẹni tó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọkàn rẹ̀ sá lọ nígbà ogún, nǹkan kan kò ṣe é.

Kí wá ni ẹ̀sọ̀ nínú iṣẹ́ yìí? Nígbà tí èèyàn bá rí i pé ọkàn òun ti lọ, kó má bú u. Kó gbà pé ó lọ, kó sì padà sí ení. Ìpadàbọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó padà nígbà ogún ti ṣiṣẹ́ nígbà ogún. Ká ní àwọn olùkọ́ ń sọ èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ń tún un sọ lọ́jọ́ kejì ni, àwọn tó ń sá kúrò nídìí ẹ̀ kò ní pọ̀ tó báyìí.

Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní ìtàn kan tó bá òwe wa mu. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Búdà ni Sona, ọmọ olówó tí wọ́n fi ọlá kẹ́ débi pé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ilẹ̀ líle. Nígbà tó fi ilé sílẹ̀, ó ń fi ìrìn ṣe àṣàrò nínú igbó kan nítòsí ìlú Rajagaha ní Íńdíà. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bó, tí ẹ̀jẹ̀ kún ojú ọ̀nà. Síbẹ̀, kò rí ohun tó ń wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé owó ṣáà wà nílé àwọn, kí òun kúkú padà, kí òun máa jẹun òun, kí òun sì máa ṣàánú. Búdà wá bá a níbi tó wà. Kò bá a wí. Ó mọ̀ pé Sona mọ vina ta dáadáa kó tó kúrò nílé, ohun èlò orin olókùn kan ni. Ó bi í pé bí okùn vina bá le jù, ṣé ó máa ń dún dáadáa? Sona ní rárá. Bó bá dẹ̀ jù ńkọ́? Ó tún ní rárá. Búdà wá fi yé e pé bẹ́ẹ̀ náà ni aápọn rẹ̀: bó bá le jù, ọkàn á máa dà rú, bó bá sì dẹ̀ jù, ọ̀lẹ ni èèyàn á yà.

Apá tó gbẹ̀yìn yìí kì í wọ ọ̀pọ̀ èèyàn létí. Òwe wa kò ní ká ju nǹkan sílẹ̀. Mú ló ní ká mú un. Ẹni tó jókòó tó ń sùn kò fẹ̀sọ̀ mú nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn onísìn Zen kì í fi í di ojú pátápátá. Wọ́n máa ń là á díẹ̀, wọ́n á sì wo ilẹ̀ tàbí ògiri iwájú wọn. Ẹnì kan tún máa ń rìn láàárín wọn pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ tó fi ń gbá èjìká ẹni tí oorun ń kùn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ á ní agbára rèé. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó jókòó ló máa ń pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ láti tọrọ rẹ̀, àwọn méjèèjì á tẹríba fún ara wọn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìbínú kankan kò sí nínú igi yẹn.

Ti ara ńkọ́? Bí ẹsẹ̀ bá ń kú, ẹ gbé àga. Kò sí ẹ̀bùn kankan fún ẹni tó bá ká ẹsẹ̀ títí orúnkún fi ń ro ó. Nígbà tí Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àṣàrò rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts, ní ìlú Worcester, lọ́dún 1979, àwọn tí ìrora kò fi lọ́rùn sílẹ̀ wà lára àwọn tí dókítà ń darí sí i. Àwọn kan ń jókòó sórí àga, wọ́n sì tún ń fi ìdùbúlẹ̀ kọ́ apá kan rẹ̀. Ó yọ orúkọ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà, onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí tó ń kọminú lè jókòó ka èémí rẹ̀ láì pe orúkọ òrìṣà kankan. Ẹ má sì dúró de ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá dákẹ́. Bí ọkàn bá tẹ̀ lé ariwo rẹ̀ lọ, ibi kan náà ni yóò padà sí.

Agbára mìíràn tún wà tí kì í tètè hàn: kí èèyàn máa bá àṣàrò dúnàádúrà. Oníṣòwò ni Goenka, wọ́n bí i sí Mandalay ní Burma lọ́dún 1924. Orí fífọ́ líle ló gbé e lọ sọ́dọ̀ U Ba Khin, tó ń kọ́ni ní àṣàrò, lọ́dún 1955, nígbà tí abẹ́rẹ́ mọ́fíìnì nìkan ló kù tí dókítà ń fún un. U Ba Khin, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nípò gíga nídìí ìṣirò owó orílẹ̀-èdè náà, kò kọ́kọ́ gbà á. Ó ní bó bá jẹ́ orí fífọ́ nìkan ló bá wá, kó máa lọ. Ìgbà tó fi orí fífọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni wọ́n tó gbà á, orí náà sì padà fúyẹ́. Ẹni tó ń bi ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú bóyá ara òun ti balẹ̀, ìbàlẹ̀ ara náà gan-an ló ń fagbára mú.

Goenka yìí ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni lọ́dún 1969. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀kọ́ rẹ̀, láìsọ̀rọ̀, aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí, wọ́n sì ń jókòó fún nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́. Ó ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lóore. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹni tí kò tíì jókòó rí nímọ̀ràn pé ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí tí Jared Lindahl àti Willoughby Britton ti Yunifásítì Brown pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde lọ́dún 2017 gba ẹnu àwọn aláṣàrò sọ̀rọ̀, àwọn tí ìbẹ̀rù, àìróorunsùn àti ìdààmú ọkàn ti bá lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ohun búburú ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ìjókòó lójú dídì lè gbé e padà wá síwájú rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó lajú, kó dìde, kó mu omi. Bó bá ń bá a lọ, kó lọ rí dókítà. Ìyẹn kì í ṣe ìjákulẹ̀. Bó bá tún fẹ́ padà sídìí rẹ̀ nígbà tí ara bá ti lélẹ̀, ìrìn ni kó fi bẹ̀rẹ̀, bí Thich Nhat Hanh, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà ọmọ Vietnam, ṣe fi kọ́ àwọn tó ń wá sí Plum Village, ibùdó àṣàrò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1982. Kó lajú sílẹ̀, kó máa ka ìṣísẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí èémí kan, bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ti tó fún un, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ sì ti pọ̀.