Clarabell, Aláwàdà Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Ọ̀nà kan kò wọjà. Kò sí ìyálọ́jà tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà iwájú, ẹni tó ru igbá yóò gba ẹ̀yìn wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ Bob Keeshan rí, òyìnbó Amẹ́ríkà tó fi àwàdà fáwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣàn ṣiṣẹ́ jẹun.

Ọdún 1927 ni wọ́n bí i ní Lynbrook, ní ìpínlẹ̀ New York. Ó wọṣẹ́ ológun Marines ní 1945, ṣùgbọ́n ogun Hitila parí kó tó dójú ìjà. Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ kiri pé ó jà bí ẹkùn ní Iwo Jima, lọ́dọ̀ àwọn ará Japan. Irọ́ ni o! Ìjà ibẹ̀ ti tán kó tó wọ aṣọ ológun rárá.

Ìgbà tó padà dé, iṣẹ́ ọmọ tí wọ́n ń rán síbí rán sọ́hùn-ún ló ṣe ní ilé iṣẹ́ NBC. Ibẹ̀ ló ti bá Bob Smith pàdé, ẹni tó ń bá ọmọlangidi kan tó ń jẹ́ Howdy Doody ṣeré fáwọn ọmọdé láti 1947. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí Keeshan máa bá wọn gbé nǹkan. Nígbà tó yá, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ aláwàdà, wọ́n kun ojú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Clarabell.

Clarabell kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi í léèrè, fèrè ló máa fún, pàá-pàá! Bó bá fẹ́ ta yín lẹ́gba àwàdà, á yọ ìgò omi rẹ̀, á fọ́n ọn sí yín lójú. Ẹ̀rín á fẹ́ẹ̀ pa àwọn ọmọdé.

Àṣé ẹkún ń bẹ níwájú. Nígbà tí 1952 ń parí lọ, ọ̀rọ̀ owó oṣù dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ kan àti àwọn ọ̀gá. Keeshan wà nínú wọn. Nígbà tí eruku máa rọlẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé aṣọ Clarabell wọ ẹlòmíràn, eré ń lọ.

Ẹ gbà á rò ná. Bí télọ̀ bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, àwọn oníbàárà tó mọ ọwọ́ rẹ̀ á wá a lọ. Ta ni yóò wá Keeshan lọ? Ọ̀dà bo ojú rẹ̀, kò sì sí ọmọ tó gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ó lókìkí, ṣùgbọ́n ilé ọ̀gá ló fi òkìkí sí.

Kò jókòó sunkún. Ní 1953, ó gba ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn mìíràn lọ ní New York, ó di Corny. Aláwàdà náà ni, ṣùgbọ́n èyí ń sọ̀rọ̀! Ní October 3, 1955, òun fúnra rẹ̀ dé bíi Captain Kangaroo lórí CBS. Ọmọ ọdún 28 ni, ṣùgbọ́n ó fi irun àtọwọ́dá àti túbọ̀mu funfun sọ ara rẹ̀ di bàbá àgbà. Àpò ńláńlá wà lára kóòtù rẹ̀, bíi ti kangaroo, ẹranko Australia tó ń fi àpò ikùn gbé ọmọ. Kò fọ́n omi séèyàn lójú mọ́. Ó ń fi sùúrù bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ó ń kàwé fún wọn. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe eré kan náà láràárọ̀.

Ọdún 29 ló fi ṣe é. Irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun gan-an, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ọ̀dà mọ́. Ní 1981, ìròyìn òwúrọ̀ gba àyè rẹ̀: wọ́n gé wákàtí kan di ààbọ̀ wákàtí, wọ́n tì í sí ìdájí. Lọ́dún yẹn náà ni àìsàn ọkàn dá a gúnlẹ̀ bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù ní Toronto. Ọlọ́run yọ ọ́. Eré náà parí ní 1984.

Ṣé ó lọ sùn? Rárá o. Ní 1987, òun àti Lamar Alexander, tó ti jẹ gómìnà Tennessee, wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń tọ́jú ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ nítòsí ibi iṣẹ́ wọn. Ìyá tó ń tẹ́ ọmọ sábẹ́ tábìlì ọjà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Keeshan kú ní January 23, 2004, lẹ́ni ọdún 76. Clarabell ńkọ́? Ọjọ́ tí eré Howdy Doody parí, ní September 1960, ni Clarabell lanu tó kí àwọn ọmọdé pé ó dàbọ̀. Ẹlòmíràn, Lew Anderson, ló wà nínú aṣọ náà. Keeshan ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbòmíràn láti ọdún méje sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ọ̀gá dá dúró lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹ gbọ́ o: aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, wọn ò gba ọwọ́ yín.